Ṣé a lè sọ itẹ́ òkú àtijọ́ di ọgbà ìgbafẹ́?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Ààfáà wa. Itẹ́ òkú Mùsùlùmí kan wà ládùúgbò wa, ó ti tó 40 ọdún tí wọ́n ti sin òkú síbẹ̀ kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ onílé fẹ́ sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n ní kí kálukú mú àbá wá. Ṣé ẹ̀sìn gbà á?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi mọ́sálásí Ànábì ní Mẹdínà, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe ẹ̀rí pé wọ́n hú sàréè níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Òótọ́ ni, Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ tó kó hàdíìsì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) jọ, gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé rẹ̀. Ṣùgbọ́n sàréè àwọn ọ̀ṣẹbọ ni.

Ní ti Mùsùlùmí, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Khalil kọ ọ́ ní mazhab (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Málíkì tí à ń tẹ̀lé pé wákáfù, ìyẹn ohun tí a yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́hun, ni sàréè: a kì í rìn lórí rẹ̀, a kì í hú u, níwọ̀n ìgbà tí nǹkan bá ṣì kù nínú rẹ̀. Iye ọdún kọ́ ló ń sọ ìyẹn. Ilẹ̀ kan a tètè jẹ egungun, òmíràn kì í jẹ ẹ́ bọ̀rọ̀. Ẹ bi àwọn tó ń gbẹ́ sàréè lágbègbè yín, àwọn ló mọ ohun tí ọkọ́ wọn ń bá pàdé. Ẹ má torí àyẹ̀wò gbẹ́ ilẹ̀ o.

Bó bá dájú pé gbogbo rẹ̀ ti di iyẹ̀pẹ̀, síbẹ̀náà, a kò gbọdọ̀ tà á. Ibn al-Qasim, akẹ́kọ̀ọ́ Ímáámù Málíkì, ò rí aburú nínú kíkọ́ mọ́sálásí sórí itẹ́ òkú tó ti parẹ́, nítorí wákáfù Mùsùlùmí ni méjèèjì. Lójú tèmi, ọgbà tí ará àdúgbò ń jàǹfààní rẹ̀ kò jìnnà sí i.

Àmọ́ kì í sábà dájú. Nígbà náà, ẹ kéde ní mọ́sálásí ní Jímọ̀ mẹ́ta léraléra, kí ẹbí wá tọ́ka sàréè wọn. Ẹ kan èèkàn mẹ́rin yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, kí katapílà tó dé. Ibí gan-an ni wọ́n ti ń ṣìṣe: bí wọ́n bá ti tẹ́ òkìtì sàréè pẹrẹsẹ, kò sẹ́ni tó tún mọ ti bàbá rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe wó itẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀ l'Ékòó láyé gómìnà ológun Mobolaji Johnson ṣì ń dun àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ti Kìrìsítẹ́nì nìyẹn.

Ẹ fi ọ̀nà àti bẹ́ǹṣì sí etí ọgbà. Hàdíìsì tí Muslim gbà wá sọ pé kéèyàn jókòó lé ẹyín iná tó jó aṣọ rẹ̀ dé ara sàn ju kó jókòó lé sàréè. Koríko ni kẹ́ ẹ gbìn láàárín, kì í ṣe máńgòrò, torí gbòǹgbò rẹ̀ á wọnú sàréè. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀yìn ògiri.

Bí ẹni tó ń gbẹ́ ojú páìpù bá kan egungun, kó dúró, kó má fi ọkọ́ hà á. Àbú Dáúdà, tóun náà kó hàdíìsì jọ, gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Aisha pé fífọ́ egungun òkú dà bíi fífọ́ ti alààyè. Ẹ fi aṣọ funfun wé e, ẹ dá a padà síbi tó ti yọ, kí páìpù gba ibòmíràn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ àyè ìkírun, ẹ fi sí apá ìlà-oòrùn ọgbà, kí sàréè lè wà lẹ́yìn olùkírun. Ànábì kọ̀ fún wa láti kírun kọjú sí sàréè.