Kí ni òòlù, kọ́ńpáàsì àti ọkà tó wà lára àmì orílẹ̀-èdè Jámánì Ìlà-Oòrùn dúró fún?

Ìpín ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n dúró fún. Òòlù ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Ọkà ráì tó yí i ká ni àwọn àgbẹ̀. Ráì wà lára ọkà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì níbẹ̀. Kọ́ńpáàsì ló rọrùn láti ṣì mọ̀. Kì í ṣe èyí tí atukọ̀ fi ń mọ ọ̀nà lójú òkun, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a fi ń fa òbìrìkìtì nílé ìwé ni. Àwọn onímọ̀ ló dúró fún: ẹnjiníà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Lójú tèmi, òun ló mú kí àmì yìí dá yàtọ̀, torí òòlù àti dòjé ni ti Soviet. Kò sí dòjé nínú tiwọn rárá.

Òòlù àti ọkà nìkan ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ọdún 1953 ni kọ́ńpáàsì wọlé, òfin sì fìdí àmì náà múlẹ̀ ní 1955.

Àsíá wọn ńkọ́? Dúdú, pupa àti wúrà ni, bákan náà pẹ̀lú ti Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, títí wọ́n fi gbé àmì yìí sáàárín rẹ̀ ní 1959. Nígbà tí ará ìlú tú jáde ní 1989 láti fẹ̀hónú hàn, àwọn kan gé àmì náà kúrò, wọ́n sì ń ju àsíá tó lu ihò láàárín káàkiri ìgboro. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1990, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn ilé ìjọba.