Dodo Mayana lókè òkun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá Sípéènì nìkan ni Peter Rufai, aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Dodo Mayana, ti ṣọ́lé lókè òkun. Rárá o! Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) níbí ló kọ́kọ́ yà sí, ní ẹgbẹ́ Dragons, kó tó kọjá sí Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálándì. Ẹgbẹ́ Farense ní Pọ́túgà ló dùn mọ́ mi jù, torí ìgbà tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe ipò karùn-ún nínú líìgì ibẹ̀ ní sáà 1994/95. Ní Deportivo ní Sípéènì, aṣọ́lé kejì, Songo'o ará Kamẹrúùnù, ló ń gbá jù. Ó dùn mí gan-an. Ẹ tún rántí 1993: aṣọ́lé wa fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ gbá pẹnáritì wọlé Etiópíà! Ó kú ní July 2025. Àárò rẹ̀ ń sọ mí.