Ajá tánganran abẹ́ apá obìnrin: ọ̀ṣọ́ ni àbí awo?

Ìbéèrè: Mo rí àwòrán ère tánganran àtijọ́ kan láti Jámánì. Obìnrin ọlọ́lá kan gbé ajá onímú pẹlẹbẹ sábẹ́ apá, òmíràn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé ó ní ìtumọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó ní in dáadáa. Mops ni àwọn ará Jámánì ń pe irú ajá yẹn, ajá kúkúrú tí ojú rẹ̀ hunjọ bí ojú ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ní 1738, Póòpù Clement Kejìlá kà á léèwọ̀ fún ọmọ ìjọ Àgùdà láti ṣe Freemason, ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ àwọn ọkùnrin. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn kan tí kò lè fi ìmùlẹ̀ sílẹ̀ bá dá ẹgbẹ́ Mops sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1740. Ajá ni wọ́n fi ṣe àmì, nítorí ajá kì í da olówó rẹ̀. Wọ́n sì ń gba obìnrin wọlé, ohun tí àwọn Freemason kì í ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ obìnrin ló gbé ajá inú àwòrán yín dání.

Ìwé kan tó jáde ní Amsterdam ní 1745 tú àṣírí wọn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fi èékánná ha ilẹ̀kùn bí ajá, wọ́n á so nǹkan ọrùn ajá mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á sì ní kó fẹnu ko ajá nídìí, lábẹ́ ìrù gan-an. (Ẹ fọkàn balẹ̀, ajá náà kì í ṣe ẹlẹ́mìí.)

Meissen, ìlú kan nítòsí Dresden ní Jámánì, ni wọ́n ti ń ṣe ère wọ̀nyí. Ilé iṣẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1710, ló kọ́kọ́ ṣe ojúlówó tánganran bíi ti Ṣáínà ní Yúróòpù. Johann Joachim Kändler, agbẹ́gilére tó débẹ̀ ní 1731, ló ṣe obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ Mops ní nǹkan bí ọdún 1744. Ibẹ̀ ni àwo ti di awo. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìyẹ̀wù, gbangba ni wọ́n gbé e sí: ẹni tó mọ̀ mọ̀, àlejò á ní ajá lásán ni.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo Mops tánganran ló jẹ́ ti ẹgbẹ́ o. Ajá yìí gbòde nígbà náà, wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣe ọmọrí àpótí aáṣáà. Bí ẹ bá rí ajá nìkan, láìsí obìnrin, ẹ má tíì pè é ní awo.