Ìwé wo ló mọ krib tó wà nínú táǹkì mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Mo ra ẹja kékeré méjì, akọ kan, abo kan, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ládùúgbò wa. Ó ní krib ni wọ́n ń pè wọ́n. Ikùn abo pupa bí ẹni fi osùn pa á. Mò ń wá ìwé tí yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn, àmọ́ ẹja odò Amazon ni gbogbo èyí tí mo rí ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Èmi ọmọ yín, láti Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun. Inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ, nítorí ọmọ ilẹ̀ wa ni ẹja tó o rà yẹn. Pelvicachromis pulcher ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn odò gúúsù Nàìjíríà, lápá Niger Delta, ni ilé rẹ̀, ìbátan epìyà tí à ń dín jẹ sì ni. Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ ẹja kéékèèké ìdílé epìyà pọ̀, ṣùgbọ́n Apistogramma ti Gúúsù Amẹ́ríkà ló gba ojú ewé lọ nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Kó o tó sanwó ìwé kankan, wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ẹja yìí ti yí padà léraléra. Ìwé tó ti wà ṣáájú 1968 á máa pè é ní Pelmatochromis. Ọdún yẹn ni onímọ̀ ẹja kan, Thys van den Audenaerde, fún òun àtàwọn ìbátan rẹ̀ ní Pelvicachromis. Krib tí àwọn ọlọ́jà ń pè é, láti ara kribensis ló ti wá, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fà yọ lára ìlú Kribi ní Kamẹrúùnù. Ẹja ibẹ̀ ló ni orúkọ náà, tiwa kọ́. Ó tún pẹ́ tí àwọn ìwé fi pe ti Kamẹrúùnù yẹn ní taeniatus, kó tó di 2014 tí onímọ̀ ẹja Anton Lamboj àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá kribensis padà fún un. Taeniatus ṣì jẹ́ orúkọ ẹja mìíràn tó wà ní Nàìjíríà níbí.

Bó o bá lówó, ìwé tí Lamboj fúnra rẹ̀ kọ ní 2004, The Cichlid Fishes of Western Africa, ni kó o wá. Ó wọ́n. Èyí tí apá lè ká ni African Cichlids I ti Linke àti Staeck. Àlòkù ni àbúrò mi bá mi rà ní Lọ́ndọ̀nù. Etí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, àmì ìka mi tó tutù sì wà lójú ewé krib, torí ẹ̀gbẹ́ táǹkì ni mo ti máa ń kà á. Sọ fún ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ kó ya fọ́tò atọ́ka ẹ̀yìn ìwé ránṣẹ́, kó o rí iye ojú ewé tí Pelvicachromis ní. Bí kò bá ju ẹyọ kan lọ, fi owó rẹ sápò.

Ti ọ̀fẹ́ náà wà. FishBase, àkójọ ìsọfúnni nípa ẹja, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó o bá sì mọ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹja ní yunifásítì, ní kó bá ọ béèrè iṣẹ́ ńlá Lévêque, Paugy àti Teugels lórí ẹja odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Apá kejì, ti 1992, ni ìdílé epìyà wà. Kò ní kọ́ ọ ní ìtọ́jú, àmọ́ wàá fi dá ẹja rẹ mọ̀.

Ìwé tó bá sọ irú omi tí ẹja ti wá ni kó o fẹ́ràn jù. Omi kànga wa ní Ẹ̀pẹ́ ni mo kọ́kọ́ lò. Mẹ́tàlélógójì lọmọ tó yè nínú ìpamọ àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n dàgbà, abo márùn-ún péré ni mo rí kà. Ó dùn mí, torí mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ìwádìí tí Rubin tẹ̀ jáde ní 1985 ló là mí lójú: bí omi bá ti ń kan, bẹ́ẹ̀ ni akọ ń pọ̀ sí i láàárín ọmọ ẹja yìí. Mo wọn pH omi mi, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó); kò ju 5.2 lọ. Mo da ìkarahun ìgbín tí mo gún wẹ́wẹ́ sínú fílítà, ó gòkè sún mọ́ 6.8, abo sì pọ̀ nínú ìpamọ kejì.

Kí ìwé tó dé, la èèpo àgbọn sí méjì, sè é, kó o dojú ìlàjì kan dé ilẹ̀ táǹkì, kó o gé ẹnu kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Abo tí ikùn rẹ̀ pọ́n báyẹn ti ń wá ibi tí yóò yé sí. Òkè inú àgbọn ni yóò lẹ ẹyin mọ́. Bó o bá rí i pé kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, tí akọ sì ń lé gbogbo ohun tó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, má ṣe ṣí i wò o. Bí ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ sí i, abo náà fúnra rẹ̀ ni yóò kó àwọn ọmọ jáde.