Ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì kò lè sọ yín di súpáfáísọ̀ àwọn kóòṣì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Kóòṣì ni mí ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, ẹni tó ń fi ìbéèrè ran èèyàn lọ́wọ́ láti ronú lórí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ọdún kẹta rèé. Mo rí ìpolówó kan lórí WhatsApp pé ọjọ́ méjì péré ni èèyàn fi ń gba ìwé-ẹ̀rí súpáfáísọ̀ fún àwọn kóòṣì. Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san án. Orúkọ yẹn gan-an ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, súpáfáísọ̀ ló ń ṣọ́ àwọn lébìrà. Ti kóòṣì kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀gá yín. Ẹni tí ẹ ń gbé iṣẹ́ yín lọ bá ni, kí ẹ jọ tú u wò: kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti oníbàárà, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan fi ń bá yín délé. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, tó ń fi ìlànà ICF (International Coaching Federation, ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì lágbàáyé) wọ̀n ọ́n, mentor coach nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka wákàtí yín. Fún ACC, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti ICF, wọ́n ń béèrè wákàtí 60 ẹ̀kọ́ àti 100 iṣẹ́, kí 75 nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n sanwó fún, pẹ̀lú wákàtí 10 lọ́dọ̀ mentor coach láàárín oṣù 3, ó kéré tán. Ti PCC, ìwé-ẹ̀rí tó tẹ̀ lé e, jẹ́ 125 ẹ̀kọ́ àti 500 iṣẹ́, 450 nínú rẹ̀ lówó. Pàṣípààrọ̀ ọjà náà wọlé; ọ̀gá ilé-ìwé tó bá fi iṣu san án ti sanwó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ọjọ́, oníbàárà, ìṣẹ́jú, owó tàbí ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá dúró títí ọdún méjì kó tó máa rántí yóò pàdánù wákàtí púpọ̀. Lójú tiwa, ẹni tí kò tíì sún mọ́ 500 kò tíì rí oríṣiríṣi oníbàárà tó láti jókòó ti kóòṣì mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá súpáfáísọ̀ tiyín, kí ẹ máa lọ bá a lóṣooṣù fún ọdún kan ó kéré tán. Ìgbà yẹn ni ẹ ó mọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ kọ́. Tí ẹ bá wá ń wá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ béèrè bóyá ó ní ESQA, àmì tí EMCC, ẹgbẹ́ mìíràn ti àwọn kóòṣì, ń fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. ESIA ni wọ́n ń fún súpáfáísọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tún béèrè pé: wákàtí mélòó ni n óò fi ṣe súpáfáísọ̀ fún kóòṣì gidi, tí ẹlòmíràn á sì máa wò mí? Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ gbé owó yín sápò.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ gan-an?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń lo ojú méje ti Peter Hawkins, ọ̀nà méje tí súpáfáísọ̀ fi ń wo iṣẹ́ kóòṣì. Èkíní ń wo oníbàárà. Èkejì, ohun tí kóòṣì ṣe. Ẹ̀kẹta, àjọṣe àwọn méjèèjì. Ẹ̀kẹrin, kóòṣì fúnra rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, àjọṣe kóòṣì àti súpáfáísọ̀. Ẹ̀kẹfà, súpáfáísọ̀ fúnra rẹ̀. Èkeje, ibi iṣẹ́ àti àwùjọ tó yí wọn ká.

Ojú karùn-ún ló máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Oníbàárà kan ń sọ̀rọ̀ wàdùwàdù; kóòṣì rẹ̀ náà á dé, á máa sọ̀rọ̀ wàdùwàdù, kí súpáfáísọ̀ tó mọ̀, òun náà ti ń sáré. Ẹni tó bá dúró béèrè pé, “Kí ló ń lé wa?” ti rí ọ̀nà wọlé. Ojú kìíní ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń há sí: “Lọ sọ fún un pé…” Ó ti sọ ara rẹ̀ di kóòṣì fún ẹni tí kò rí rí.

Ọ̀rọ̀ pípa àṣírí oníbàárà mọ́ tún wà ní Òṣogbo wa yìí. Bí ẹ bá sọ fún súpáfáísọ̀ yín pé “obìnrin ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Òkè-Báálẹ̀”, ẹ ti dárúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yí iṣẹ́ àti àdúgbò padà, kó sì ti wà nínú àdéhùn yín pẹ̀lú oníbàárà látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ní súpáfáísọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ṣe é láti Òṣogbo?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, Zoom ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹ béèrè gbogbo owó lápapọ̀, torí owó ìdánwò àti ti ẹni tí yóò máa wo iṣẹ́ yín lè má sí nínú èyí tí wọ́n polówó. Ẹ ní dátà lórí fóònù fún ìgbà tí iná bá lọ. Bí kíláàsì bá jẹ́ ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, aago wọn máa ń fi wákàtí kan padà sẹ́yìn tiwa láti ìparí oṣù Ọ̀kitóbà títí di ìparí Máàṣì: aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwọn, aago méje alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa.