Ọmọ mi ń kó ìdọ̀tí gọ́tà lọ́fẹ̀ẹ́: kí ni yóò rí níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 18, ti ṣe JAMB, ó ń retí kí yunifásítì gbà á. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí òun àtàwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà àti etí odò ní gbogbo Sátidé. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, àwọn ará àdúgbò sì ti sọ ọ́ di "agbálẹ̀." Ṣé iṣẹ́ yìí lè ṣe é láǹfààní, àbí kí n dá a dúró? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ẹ má dá a dúró. Àmọ́ ẹni tó kàn ń ti ṣọ́bìrì bọ gọ́tà láti Sátidé dé Sátidé, ẹ̀yìn ríro ni yóò mú bọ̀ wálé. Wolé-wolé ni mí, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá irú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn tí mo rí tí iṣẹ́ náà sọ di èèyàn ni àwọn tí wọ́n ń ka iye ohun tí wọ́n kó, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń bá aráàlú sọ̀rọ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún un. Kó máa kọ ọjọ́ síbẹ̀, iye àpò tí wọ́n kó, àti ohun tó wà nínú wọn: ọ̀rá píọ́wọ́tà lọ́tọ̀, ike lọ́tọ̀, iyẹ̀pẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè: kí ló dé tí gọ́tà ẹ̀yìn ọjà fi ń kún láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ti iwájú ilé-ìwé kì í kún? Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ ya gbogbo gọ́tà àdúgbò wọn sórí páálí. Ìgbà tó yà á tán ló tó hàn pé láti ọjà títí dé odò, kò sí ibì kan tí èèyàn lè da ìdọ̀tí sí. Ó gbé páálí náà lọ bá ìyálọ́jà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń kọ́ báyìí ní yunifásítì. Kó tó ya páálí yẹn, kò mọ̀ pé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Àwa ará Ìbàdàn ò gbọdọ̀ fojú kékeré wo gọ́tà. Ní August 31, 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Ìdọ̀tí tí a ti dà sínú rẹ̀ wà lára ohun tó dí omi lọ́nà. Ní August 26, 2011, omíyalé tún dé, ẹni tó kú lé ní 100. Ọmọ yín kò tíì mọ nǹkan kan nígbà yẹn. Ẹ sọ ìtàn náà fún un, kó lè mọ ohun tó wà nídìí ṣọ́bìrì tó ń gbé.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ sísọ, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Láyé àtijọ́, wolé-wolé a wọlé, a yẹ ìkòkò omi wò, a já ìwé kóòtù síni lọ́wọ́. Ẹ̀rù wa ń ba aráàlú, ṣùgbọ́n bí a bá ti yíjú, ìdọ̀tí tún ti wà nínú gọ́tà. Ọ̀dọ́ tí kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kò ní ìwé kóòtù. Ohun tó ní ni "Ẹ kú ọjà o, màmá," kó tó mẹ́nu ba ewé ẹ̀kọ tí wọ́n dà sí gọ́tà. Ohùn jẹ́jẹ́ ní í yọ obì lápò. Ọmọ ọdún 18 tó bá mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ tí àgbà fi ń yí ìwà padà, ibi iṣẹ́ tí kò ti ní wúlò ṣọ̀wọ́n.

Bàbá rẹ̀ kò purọ́, mà. Kó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Òwúrọ̀ Sátidé tó fún gọ́tà. Ẹ rí i pé ó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, pé ó ní bọ́ọ̀tù àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn, nítorí ìgò fífọ́ àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò máa ń wà nísàlẹ̀ ẹrẹ̀. Bí òjò bá ti ṣú, kó jáde kúrò nínú gọ́tà kíá.

Bí iṣẹ́ náà bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ wolé-wolé ní Ẹlẹ́yẹlé níbí, wọ́n sì ń kọ́ ìtọ́jú àyíká ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ wọn, èyí tó sọ iye Sátidé tó wá àti ohun tó ṣe gan-an. Lẹ́tà tó kàn ní "ó kópa" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń gbani síṣẹ́.

Tó bá dé ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ bi í pé: àpò mélòó lẹ kó, kí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀? Bí kò bá lè dáhùn, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ ra ìwé yẹn.