Ohun tí "all" ń sọ fún dpkg

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo kọ sọ́fíwíà ìṣirò ọjà fún àwọn aláṣọ àdìrẹ níbí. Mo dì í sínú pákéèjì .deb (irú èyí tí Debian àti àwọn Linux tó tinú rẹ̀ jáde ń lò), mo sì kọ "Architecture: all" sí i kó lè wọ gbogbo ẹ̀rọ. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó sì wọ Raspberry Pi 4 (kọ̀ǹpútà kékeré) oníbàárà kan láìjanpata, ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣí i, "Exec format error" ló ń gbé wá. Kí ló fà á?
Òǹkàwé kan, Alékúwodò, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Àmì tí ẹ kọ yẹn ló fà á. "all" ń sọ fún dpkg, ètò tó ń fi pákéèjì .deb sórí ẹ̀rọ, pé kò sí ohunkóhun nínú pákéèjì náà tó kan irú prósẹ́sọ̀: Python, shell, àwòrán, fọ́ńtì. Fáìlì tí kọmpáílà ti sọ di èdè ẹ̀rọ Intel àti AMD wà nínú tiyín. dpkg gbà yín gbọ́, ó jẹ́ kó wọlé. Pi, tó jẹ́ prósẹ́sọ̀ ARM ló ní, ni kò gbọ́ èdè náà. Ká ní amd64, àmì ti Intel àti AMD oní-64 bit, lẹ kọ, ẹnu ọ̀nà ni dpkg ì bá ti dá a padà.

Ẹ tẹ `dpkg --print-architecture` lórí Pi náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi `uname -m` rọ́pò rẹ̀. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux, nìkan nìyẹn ń wò, bẹ́ẹ̀ Raspberry Pi OS oní-32 bit lè gbé kernel 64 bit sórí Pi 4: uname á ní aarch64 (ARM 64 bit), dpkg á ní armhf (ARM 32 bit). Ti dpkg ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bó bá jẹ́ arm64 (orúkọ tí dpkg ń pe aarch64), ẹ tún kóòdù náà kọ́ lórí Pi fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ lo gcc-aarch64-linux-gnu lórí láptọ́ọ̀pù. Ẹ fi `file` yẹ èyí tó jáde wò. "ARM aarch64" ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Yíyí orúkọ fáìlì .deb padà kò ràn án, torí control, fáìlì tó ń júwe pákéèjì nínú rẹ̀, ni dpkg ń kà. `dpkg-deb -f` pẹ̀lú orúkọ pákéèjì àti Architecture á fi í hàn yín.

Àwòrán àti fọ́ńtì lè wà nínú pákéèjì "all" tiwọn, kí èyí tó ní kóòdù fi Depends (ìlà control tó ń dárúkọ pákéèjì mìíràn tó nílò) pè é.

Armhf gba ìṣọ́ra. ARMv7 ni ti Debian, ARMv6, ìran ARM tó ṣáájú rẹ̀, ni ti Raspberry Pi OS, àmì kan náà sì ni wọ́n ń lò. Èyí tẹ́ ẹ bá kọ́ lórí Debian á wọ Pi Zero àkọ́kọ́, tó jẹ́ ARMv6, á sì kú pẹ̀lú "Illegal instruction". Orí Raspberry Pi OS ni kí ẹ ti kọ́ ọ.